Ọwọ́ Tí Ó Bo Àwòrán

Ọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé ọmọdé àtijọ́ tí ó ní àwòrán, èyí tí a sọ nígbàtí a ṣí àtẹ àwọn ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún ìjọ wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí títí a fi rí ọjọ́ tí ìjọ tí àwọn baba wa fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ti pín iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ fún olúkúlùkù. Àwọn kan sọ ti àwọn tí ó dá ìjọ yìí sílẹ̀, àwọn kan sọ ti agogo wa, àwọn kan sọ ti ẹgbẹ́ akọrin. Àwa li ó kàn láti sọ̀rọ̀ lórí àtẹ kékeré tí ó wà ní igun gbọ̀ngàn yìí, èyí tí a tò àwọn ìwé ọmọdé àtijọ́ sí. Díẹ̀ nínú wọn jáde láti inú àpótí tí ó ti wà ní yàrá ìmúra láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ti bọ́ kúrò li ọwọ́ wa; díẹ̀ ni àwọn ìdílé nínú ìjọ yá wa. Ìbéèrè tí nwọ́n fi síwájú wa ni èyí: èéṣe tí irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń wu ènìà síbẹ̀, tí ẹnití ó bá ṣí wọn kì í fẹ́ pa wọ́n dé, nígbàtí ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ li àná ti di ohun ìgbàgbé? A ó gbìyànjú láti dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn náà ni ìjẹ́wọ́ kan wà, nítorí ẹni tí ó ń bá nyín sọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ sí àwòrán inú ìwé rí, ó sì ti ṣẹ̀ sí ọmọdé pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kan li ó ṣe ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn òpìtàn ń pè ní baba ìwé àwòrán ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni Jan Amos Komenský, ẹnití àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi èdè Látìn pè ní Comenius. A bí i ní ilẹ̀ Moravia li ọdún 1592, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ àwọn Ará ti Bohemia, ìjọ kan tí ó ti wà kí Luther tó dìde. Nígbàtí ogun ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, a lé òun àti àwọn ènìà rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ó lọ fi ìlú Leszno ní ilẹ̀ Póláńdì ṣe ibùgbé li ọdún 1628. Li ọdún 1656, ogun tún dé ibẹ̀, a sì sun ìlú náà. Ilé Comenius jóná, àwọn ìwé rẹ̀ jóná, iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè tí ó ti ń kó jọ fún nǹkan bí ogójì ọdún jóná pẹ̀lú.

Ẹnití irú èyí bá dé bá, bí ó bá káwọ́ lérí tí ó sì jókòó, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n li ọdún 1658, ọdún méjì péré lẹ́hìn iná náà, ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Orbis Sensualium Pictus jáde ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé, a ya aiyé tí a lè fi ojú rí sínú àwòrán. Ó ti kọ ọ́ ṣáájú, nígbàtí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sárospatak ní ilẹ̀ Hungary. Àìtètè rí ẹnití yóò gbẹ́ àwọn àwòrán náà sára pákó li ó dá a dúró.

Ẹ̀kọ́ 150 li ó wà nínú ìwé náà, àwòrán sì wà li orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Comenius fi nọ́mbà kékeré sí ara ohun gbogbo tí ó wà nínú àwòrán, ó sì fi nọ́mbà kan náà sí ẹ̀bá orúkọ ohun náà nísàlẹ̀, li èdè Látìn àti li èdè Jámánì. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹwìrì rẹ̀, àwọn tí ń tẹ̀wé pàápàá wà níbẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ wọn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run li ó fi ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Ìdájọ́ Ìkẹ́hìn li ó sì fi parí rẹ̀. Kí ọmọ tó dé inú ẹ̀kọ́ rárá, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn ẹranko pàdé: ẹyẹ kannakánná ń ké, igbe rẹ̀ sì ni lẹ́tà A; àgùtàn ń ké, igbe rẹ̀ sì ni lẹ́tà B. Bẹ́ẹ̀ li ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn lẹ́tà li ẹnu ohun alààyè kí ó tó rí i lórí ìwé.

Li ọdún 1659, Charles Hoole ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́hìn tí ó kọ́kọ́ jáde, Goethe, àgbà òǹkọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, ṣì fi í ṣe ìwé ìgbà èwe rẹ̀, òun tìkára rẹ̀ li ó sì jẹ́rìí sí i nígbàtí ó dàgbà. Kí ni ohun tí Comenius mọ̀? Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni, àwọn tí ó wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó mọ̀ pé ojú ọmọdé ń rí kí ẹnu rẹ̀ tó lè kà, àti pé àwòrán ni ilẹ̀kùn tí ọmọdé ń gbà wọ inú ilé ìwé.

Níbí yìí li ìjẹ́wọ́ wa wà. Nígbàtí a wà li ọ̀dọ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní abúlé kan, a kò tí ì gbọ́ orúkọ Comenius. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ bí ọdún méje. Bí a bá pè é láti kàwé, yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́ àwòrán, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́hìn náà yóò sọ gbogbo ohun tí ó wà lójú ìwé náà láìṣìnà. A rò pé ẹ̀tàn ni. A wí fún ara wa pé ọmọ yìí kò kàwé, àwòrán li ó ń kà. Ní ọjọ́ kan, a fi àtẹ́lẹwọ́ wa bo àwòrán ajá tí ó wà lójú ìwé náà, a sì wí pé, “Ó yá, kà á.”

Ọmọ náà dákẹ́. Kò wo lẹ́tà. Ọwọ́ wa li ó ń wò, bí ẹnití ń dúró de kí a ṣí ilẹ̀kùn fún òun. A nà án li ẹgba mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ kàwé li a ń bo àwòrán. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dẹ́kun wíwá. A kò lè sọ pé ọwọ́ wa nìkan li ó lé e lọ. Owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, oko baba rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wo ọwọ́ wa kò tí ì kúrò li ọkàn wa títí di òní. Àwa tí ó yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn ni a fi ọwọ́ ara wa tì í.

Ìdí nìyí tí ìtàn Thomas Bewick fi máa ń wọ̀ wá lára. A bí i li ọdún 1753 ní Cherryburn, lẹ́bàá odò Tyne ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àlùfáà ní Ovingham li ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìtàn aiyé ara rẹ̀ pé nígbàtí òun ti ya àwòrán kún etí àwọn ìwé òun, tí kò sí àyè mọ́, òun mú ẹfun, òun sì ń yàwòrán sórí òkúta ibojì àti sórí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ẹ̀nyin olùtọ́jú ilé ìsìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹfun lórí ilẹ̀ ìloro li ọ̀la, ẹ wò ó dáradára kí ẹ tó gbé omi. Ọmọ tí ó ń fi ẹfun ba ilẹ̀ jẹ́ yìí li ó di olórí àwọn tí ń gbẹ́ àwòrán sára igi ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣáájú ìgbà rẹ̀, ìbú pákó li ọ̀pọ̀ ènìà ń gbẹ́, ọ̀bẹ ni nwọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ. Àwòrán náà a máa nípọn, a sì máa rí wúruwùru. Bewick mú igi tí ó le gan-an, ó gbẹ́ ojú ibi tí a ti gé e, ó sì lo irin ṣóńṣó tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà fi ń fín nǹkan. Nípa bẹ́ẹ̀ ó lè fín ìyẹ́ ẹyẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìrì lórí koríko. Igi náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè tò ó mọ́ lẹ́tà òjé, kí a sì tẹ àwòrán pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde li ọdún 1790. Ti àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde li ọdún 1797 àti 1804. Ní ìparí orí ìwé, níbi tí àyè bá ṣẹ́ kù, ó máa ń fi àwòrán kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ sí i.

Nígbàtí Charlotte Brontë, ọmọbìnrin àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ìwé Jane Eyre li ọdún 1847, ìwé ẹyẹ ti Bewick yìí li ó fi sí ọwọ́ ọmọ òrukàn inú ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fi ara pamọ́ sẹ́hìn aṣọ fèrèsé, ó ń wo àwọn àwòrán, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà díẹ̀ nínú ilé tí a kò ti fẹ́ ẹ. Ọmọ onílé dé, ó gba ìwé náà, ó sì sọ ọ́ lù ú. Nígbàtí a ka ibẹ̀, a pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀. A rántí ẹgba mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo díákónì kan. Charles Lutwidge Dodgson, olùkọ́ ìṣirò ní Christ Church ní Oxford, li a fi jẹ díákónì li ọdún 1861. Lewis Carroll ni orúkọ tí aiyé mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1862, ó ń bá àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ṣeré nínú ọkọ̀ lórí odò, ó sì pa ìtàn fún wọn. Ìtàn náà li ó di ìwé Alice li ọdún 1865. John Tenniel li ó ya àwòrán 42 sínú rẹ̀, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nígbàtí òun àti baba rẹ̀ ń fi idà ṣeré. A ti tẹ ẹ̀dà 2,000 nígbàtí Tenniel wí pé ọ̀nà tí a gbà tẹ àwọn àwòrán náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kí ni Dodgson ṣe? Ó dá ìwé náà dúró, ó sì fara mọ́ àdánù owó rẹ̀. Ó bẹ àwọn tí ó ti fi ṣe ẹ̀bùn fún kí nwọ́n dá a padà, ó sì fi àwọn tí a dá padà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé tí ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn. Lẹ́hìn náà li a tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ẹ rò ó wò: nítorí ọmọdé, ẹnití àwa àgbà rò pé kò mọ ìyàtọ̀ láàrin tàdáwà tí ó mọ́ àti èyí tí ó ṣókùnkùn, li àwọn ọkùnrin méjì yìí ṣe kọ̀ láti fi iṣẹ́ àbùkù sílẹ̀.

Ìwé tí a ń sọ yìí, dúdú àti funfun ni. Ta wá ni ó mú àwọ̀ mèremère wọ inú ìwé àwọn ọmọ ní owó tí kò ga? Òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Edmund Evans wà lára àwọn tí ó ṣe é jùlọ. Igi kan li ó ń lò fún ìlà àwòrán, òmíràn fún pupa, òmíràn fún búlúù, òmíràn fún ìyeyè. Ìwé kan náà yóò kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí igi kan bá yẹ̀ díẹ̀, pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yóò bọ́ sí etí rẹ̀. Ayàwòrán mẹ́ta li ó bá Evans ṣiṣẹ́ tí òkìkí wọn kàn: Walter Crane, Randolph Caldecott, àti Kate Greenaway. Láti ọdún 1878 títí di 1885, ìwé àwòrán méjìméjì li Caldecott ń ṣe li ọdọọdún fún Kérésìmesì. Ó kú li ọdún 1886 kí ó tó pé ọmọ ogójì ọdún. Nígbàtí Evans fẹ́ tẹ ìwé Under the Window tí Kate Greenaway ṣe li ọdún 1879, ẹ̀dà 20,000 li ó kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn tí ń ta ìwé rò pé ó ti ṣe àṣejù. Gbogbo rẹ̀ tà tán kí ó tó lè tẹ òmíràn.

Ó ku ẹnìkan tí a kò lè fò dá, nítorí ìwé rẹ̀ li ó kéré jùlọ lórí àtẹ wa, òun sì ni ọwọ́ ti gbó jùlọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, Beatrix Potter kọ lẹ́tà sí ọmọkùnrin kékeré kan tí ń ṣàìsàn, ọmọ obìnrin tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ rí. Ó fi ìtàn ehoro mẹ́rin dá a lára yá, ó sì ya àwòrán wọn sínú lẹ́tà náà. Ọmọ náà pa lẹ́tà yìí mọ́ fún ọdún púpọ̀, títí Potter fi yá a padà li ọwọ́ rẹ̀ láti sọ ọ́ di ìwé. Kánọ́nì Hardwicke Rawnsley, àlùfáà tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé rẹ̀, gbà á níyànjú. Síbẹ̀ àwọn alátẹ̀wé kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin yìí kò fi ìfẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀: ó fẹ́ kí ìwé náà kéré, kí ọwọ́ ọmọdé lè gbá a mú, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1901 ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 250. Li ọdún 1902 ni ilé-iṣẹ́ Frederick Warne gbà á, tí nwọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọ̀, ní ṣílè kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí ohun tí ó so gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tí ilé rẹ̀ jóná, ọmọ tí ń fi ẹfun kọ ilẹ̀ ìloro, olójú kan tí kò gba àbùkù, òṣìṣẹ́ tí ń to àwọ̀ lé àwọ̀, obìnrin tí ń wọn ìwé mọ́ ọwọ́ ọmọdé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ojú kékeré wo ọmọ kékeré. Èyí li a gbàgbọ́ pé ó ń wu ènìà nínú àwọn ìwé náà títí di òní. Ohun àtijọ́ púpọ̀ li ó wà tí kò wu ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ orí kọ́ li ẹwà wọn, bíkòṣe làálàá tí a ṣe pẹ̀lú ìfẹ́. Ọmọdé kò mọ orúkọ làálàá náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nígbàtí a bá bu ọlá fún òun.

Ṣùgbọ́n òpìtàn kò gbọdọ̀ pọ́n ohun àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwòrán tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn lè tì í pẹ̀lú. Li ọdún 1899 ni Helen Bannerman, obìnrin ará Scotland kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Índíà, ṣe ìwé kan nípa ọmọ dúdú tí ó fi ọgbọ́n bọ́ li ọwọ́ àwọn ẹkùn. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán rẹ̀, àti púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ẹlòmíràn yà sí i lẹ́hìn rẹ̀, sọ ojú àti ètè ènìà dúdú di ohun ẹ̀fẹ̀. Irú rẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Àwa pẹ̀lú dàgbà láàrin àwọn ìwé tí ọmọ inú wọn ń fi yìnyín ṣeré, tí ó ń já èso tí a kò rí rí, tí irun rẹ̀ sì dà sí èjìká. A fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, ọmọ tí kò bá rí irú ara rẹ̀ nínú ìwé rí lè rò pé ilé àlejò ni ìwé jẹ́ fún òun.

Nítorínáà ni inú wa ṣe dùn nígbàtí Aláwíyé, iṣẹ́ ọwọ́ J. F. Ọdúnjọ, dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni Ọdúnjọ, ṣùgbọ́n àti ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọmọ Ìmàle, gbogbo wọn li ó kọ́. Nínú àwòrán ìwé rẹ̀, ọmọdé rí aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀, ó rí ilé tí ó jọ ilé baba rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ẹnití Ẹgbẹ́ C.M.S. tẹ ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde li ọdún 1938. Nígbàtí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì li ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya li ó ya àwòrán sí i, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ wa. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn iwin inú igbó tí ọmọ Yorùbá ti ń fi ọkàn rí láti ẹnu àwọn ìyá àgbà wá ní ojú àti ìwo nínú ìwé, li ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí.

Wàyí o, a fẹ́ parí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà níwájú wọn tí a kò tí ì pinnu. Nwọ́n ń ro ó bóyá kí a kan àpótí onídígí fún àwọn ìwé wọ̀nyí lẹ́hìn àjọ̀dún, kí a tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní yàrá ìmúra. Kí a má purọ́ nínú ilé Ọlọ́run: àwa gan-an li ó dá àbá náà. Ẹ̀rù ikán ń bà wá, ẹ̀rù ọwọ́ àwọn ọmọdé sì ń bà wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbàtí a ń to àwọn ìwé náà jọ, a yípadà, a sì rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá gbálẹ̀. Ó ti jókòó sórí ẹní, ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà sórí itan, àbúrò rẹ̀ sì jókòó tì í. Èdè inú ìwé náà kò yé e, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì mọ lẹ́tà kà. Ṣùgbọ́n ó ń na ìka sí àwòrán, ó sì ń pa ìtàn fún àbúrò rẹ̀ ní Yorùbá, ìtàn tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ní òpin. A ti na ọwọ́ wa láti gba ìwé náà. Nígbàtí ó gbé ojú sókè, ó wo ọwọ́ wa.

Ẹ̀nyin ará, a mọ ojú náà. A ti rí i rí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. A fa ọwọ́ wa sẹ́hìn, a jókòó sórí ẹní lẹ́bàá wọn, a sì ní kí ó máa bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Nítorínáà li a ṣe bẹ̀ nyín kí a yí àbá wa padà. Àwọn ìwé tí ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ewé wọn ń já, ẹ jẹ́ kí nwọ́n wọ inú dígí, níbi tí oòrùn kò ti ní pa wọ́n, tí ikán kò sì ní dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣì lágbára, ẹ jẹ́ kí a kan tábìlì kan fún wọn, tí kò ní ga ju ìgbáyà ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Kí olùkọ́ kan máa jókòó tì í lẹ́hìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kí omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́ wọn. Kí a sì máa fún wọn ní ìwé funfun àti lẹ́ẹ̀dì, kí àwọn náà máa ya ohun tí nwọ́n rí: ilé ìsìn yìí, agogo rẹ̀, àwọn ìyá wọn nínú aṣọ àjọ̀dún. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọwọ́ wọn kò bá tó pẹpẹ, àwa ni kí a sọ pẹpẹ kalẹ̀.

Olúwa wa pẹ̀lú kò dùn sí àwọn ọmọ-ẹ̀hìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí nwọ́n fẹ́ dí ọ̀nà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kí ó dárí jì wá ní gbogbo ibi tí a ti fi ọwọ́ wa bo ohun tí ó yẹ kí nwọ́n rí. Ọmọkùnrin abúlé ọjọ́ náà, níbikíbi tí ó bá wà, kí Ọlọ́run fi ojú àánú wò ó. Kí ìjọ yìí pé igba ọdún, kí àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún náà sì rí ìwé wọ̀nyí pẹ̀lú àmì ìka àwọn ọmọ wa lára wọn. Ògo ni fún Baba, àti fún Ọmọ, àti fún Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.